Ìlà Kẹtàdínlọ́gbọ̀n Lórí Pátákó

Ọwọ́ ni Bàbá Ọlọ́dà fi jẹun láyé, mi ò sì sọ̀rọ̀ ṣíbí. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù, ọkọ̀ akẹ́rù àti ẹnu ọ̀nà dókítà tó wà ládùúgbò, òun ló kọ orúkọ sí wọn lára. Àmọ́ iṣẹ́ kan wà tó fẹ́ràn ju gbogbo wọn lọ, ìyẹn pátákó dúdú gígùn tó wà nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé girama. Lọ́dọọdún, ọmọ tó bá mókè jù lọ máa ń gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní yunifásítì, Bàbá á sì fi ọ̀dà aláwọ̀ góòlù kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, orúkọ ìdílé ṣáájú, orúkọ ọmọ tẹ̀ lé e. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti ń kọ orúkọ ọmọ ọlọ́mọ. Ti ilé tirẹ̀ ò débẹ̀ rí.

Lọ́jọ́rú, ọ̀gá ilé ìwé, obìnrin tí kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò, fún un ní ìwé pélébé kan tí wọ́n ká po.

“Bàbá, ẹ mọ òfin wa. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbọ́ títí di àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì tí a máa ṣí aṣọ lójú pátákó.”

“Mà, ṣé èmi náà lẹ ń kọ́ lófin?” Bàbá ní.

Ó tú ìwé náà. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Orúkọ ọmọ ọmọ rẹ̀ ni!

Ìyàwó ló máa ń pe ọmọ yìí, bí àwọn bàbá àgbà ṣe máa ń fi ọmọ ọmọ wọn ṣàwàdà. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, àtìgbà náà làwọn méjèèjì ti jọ ń gbé nínú yàrá kan tó ń rùn fún ọ̀dà. Bàbá ló di ọwọ́ rẹ̀ mú lórí sílétì títí tó fi mọ orúkọ ara rẹ̀ kọ. “Ibi tí mo bá ń lọ ni kí o máa bá mi lọ,” á ní. Ọmọ tó bá ṣípá là ń gbé, ọmọ náà sì ṣípá: ìwé ò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, bí kò bá rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yìí, ìwé parí nìyẹn. Àwọn méjèèjì mọ̀.

“Bàbá, ó dà bíi pé ọmọ kíláàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa yẹn ló máa gbà á,” Ìyàwó ní nídìí oúnjẹ lálẹ́ ọjọ́ náà.

“Ẹni tó bá máa gbà á á gbà á,” Bàbá dáhùn, ó sì sáré ki oúnjẹ bọnu kí ẹ̀rín má baà jábọ́. Háà, àṣírí ń yún ni lẹ́nu o!

Ìṣòro kan ló wà. Láti bí oṣù mẹ́ta, ọwọ́ ọ̀tún Bàbá ti ń gbọ̀n. Àpò ṣòkòtò ló ń fi í pamọ́ sí. Lọ́jọ́ tí Ìyàwó rí i tó da tíì sílẹ̀, ó ní òtútù ni. Ọmọ náà ò bá a jiyàn, àfi pé láti ọjọ́ náà kì í bu tíì kún ife rẹ̀ mọ́.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, nígbà tí ilé ìwé ti jáde, Bàbá gun àga nínú gbọ̀ngàn. Ó fi okùn tó ti fi ṣọ́ọ̀kì pa fa ìlà, ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, ni lẹ́tà àkọ́kọ́ bá wọ́ bí ibi tí adìyẹ ti ha ilẹ̀. Ó fi àkísà tó rẹ sínú kẹrosíìnì nù ún. Ó tún un kọ. Ó tún nù ún. Ẹ̀ẹ̀mẹta!

Ọ̀gá ilé ìwé yọjú. “Bàbá, ẹ má da ara yín láàmú. Àwọn kan wà tó ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ sórí ike. Bó bá di aago márùn-ún tí kò tíì yọrí, mo máa pè wọ́n.”

Tàánútàánú ló fi sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló sì dun Bàbá jù. Gbogbo ọmọ ọlọ́mọ ni mo kọ, ó ń sọ nínú ara rẹ̀, tèmi ló wá kù tí ẹ̀rọ á bá mi kọ?

Ó wo ìta lójú fèrèsé. Ìyàwó jókòó sábẹ́ igi, ó ń dúró dè é kí wọ́n jọ relé. Bàbá lọ bá a.

“Ìyàwó, bọ́ táì ọrùn rẹ, fi dijú.”

“Ẹ̀n-ẹ́n? Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi mí ṣe?”

“Orúkọ orí pátákó ni, àṣírí sì ni. Dì í kó le. Bí o bá wò fìrí báyìí, mo kọ̀ ọ́ sílẹ̀!”

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó dijú. Bàbá fà á lọ́wọ́ wọlé, ó mú un gun àga kejì.

“Di ọrùn ọwọ́ mi mú, má jẹ́ kó gbọ̀n. Ibi tí mo bá ń lọ ni kí o máa bá mi lọ.”

Ọmọ náà fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Búrọ́ọ̀ṣì kan pátákó, kò wọ́. Lẹ́tà àkọ́kọ́ dúró ṣánṣán. Ìkejì tẹ̀ lé e. Inú Bàbá dùn, ó mí kanlẹ̀. Nígbà tó dé ìdajì orúkọ ìdílé, ó rí i pé nǹkan tún ti ń gbọ̀n. Kì í ṣe ọwọ́ tirẹ̀.

“Kí ló dé? Èmi ni mo ní àìsàn gbígbọ̀n o, kì í ṣe ìwọ!”

 Omijé ń ṣàn lábẹ́ táì ọmọ náà, ó ń kán sí kọ́là rẹ̀. Ọwọ́ tirẹ̀ àti ti Bàbá ti jọ rin ọ̀nà orúkọ yìí lórí sílétì láìmọye ìgbà, kò nílò ojú kó tó mọ ibi tí wọ́n ń lọ.

Bàbá dá búrọ́ọ̀ṣì dúró. Ó ti ṣèlérí fún ọ̀gá ilé ìwé. “Mi ò sọ nǹkan kan fún ẹ o,” ó ní, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

“Èmi náà ò rí nǹkan kan, Bàbá.” Ó fa imú, ó tún ọrùn ọwọ́ Bàbá dì mú, ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. “Ẹ jẹ́ ká parí orúkọ ilé wa. Lẹ́yìn náà, ó ku tèmi.”