Ìbéèrè Keje ní Wharf Road

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan ni mo fi ìròyìn náà lé orí tábìlì olóòtú wa. Àkọlé rẹ̀ dùn mọ́ mi lẹ́nu: "Àwọn Àgbà Èbúté Fìdí Rẹmi Nínú Ìdánwò." Orúkọ wà lọ́wọ́ mi, máàkì wà lọ́wọ́ mi.

Olóòtú kà á tán, ó tì í padà sí mi. "Ohùn àwọn tó fìdí rẹmi dà? O ò gbọ́ tẹnu wọn, o sì ti kọ ọ́ tán. Lọ bá wọn nílé wọn ní Ajégúnlẹ̀."

Nígbà yẹn, iṣẹ́ èbúté Àpápá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn aládàáni. Èmi ni akọ̀ròyìn tí wọ́n fi sọ́hùn-ún, mo sì fẹ́ràn ibẹ̀ bí ẹni fẹ́ràn ilé bàbá rẹ̀: òórùn epo dísù, ariwo àwọn ajẹ́ntì tó ń bá èèyàn gba ẹrù jáde, tírélà tí kì í kúrò lójú kan. Ilé-iṣẹ́ kan ṣe ìdánwò fún àwọn tó máa ń dúró nílẹ̀ fọwọ́ júwe fún awakọ̀ kireni pé kó gbé, kó sọ̀, kó dúró. Ẹni tó bá yege á gba káàdì tuntun. Ẹni tó bá kùnà á gba ilé lọ.

Bọ̀dá Mọ́ńsúrù wà lára àwọn tó kùnà, ó sì ti lé ní ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ náà. Máàkì kan péré ló fi kùnà. Mo bá a níwájú ilé rẹ̀, ó ń fọ bàtà iṣẹ́ rẹ̀ nínú garawa kan.

"Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n."

"Ọ̀gá prẹ́ẹ̀sì! Ṣé o wá wo òkú ni? Jókòó. Òkú ò tíì rà."

Ó ní ọ̀rọ̀ ẹnu ni ìdánwò náà. Ọ̀gá kan jókòó síwájú rẹ̀, ó ń bi í ní Yorùbá àti pijin, ó ń kọ èsì sílẹ̀. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan lè gba òdo, tàbí máàkì kan, tàbí méjì, tàbí mẹ́ta.

"Èwo ló le jù níbẹ̀?"

"Kò séyìí tó le. Ìkeje ló yà mí lẹ́nu. Ó ní wọ́n ti so ẹrù mọ́ ìkọ́ kireni, kí ni màá ṣe? Mo ní màá jẹ́ kó mí. Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ máàkì kan síbẹ̀."

"Kó mí báwo?"

Ó wò mí bí ẹni ń wo àlejò. "Ọdún mélòó lo ti ń kọ̀wé nípa wa?" Ó di garawa mú, ó gbé e kúrò nílẹ̀ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, kò sì gbé e ré kọjá ibẹ̀. Omi inú rẹ̀ mì síhìn-ín mì sọ́hùn-ún, títí ó fi pa rọ́rọ́. "O rí i? Ó ti mí. Mo ti wo okùn, mo ti wo ìdè. Tó bá máa já, ibí ni kó ti já. E no go reach up before e cut."

Láti ibẹ̀, mo gba Wharf Road lọ sí ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ tó ṣe ìdánwò náà. Ìyáàfin Fọlákẹ́, onímọ̀ ìṣirò tí ilé-iṣẹ́ náà gbà láti yẹ ìdánwò wò kí wọ́n tó pín káàdì, wà lẹ́nu kọ̀ǹpútà. Diakonẹ́ẹ̀sì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ó sì máa ń bá òǹkà sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ Sunday School wí.

"Wá wo ìbéèrè keje yìí," ó ní. "Orí mi ti gbóná."

Ó ya àwòrán fún mi. Ìbéèrè bẹ́ẹ̀-ni-bẹ́ẹ̀-kọ́, ó ní, ẹnu ọ̀nà kan ló ní: o wọlé tàbí o ò wọlé. Àmọ́ èyí tó ní máàkì lóríṣiríṣi, àtẹ̀gùn ni, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ní bó ṣe le tó. Láti òdo bọ́ sí kan lè rọrùn, àmọ́ kí ti méjì bọ́ sí mẹ́ta le koko. Àwòṣe ìṣirò rẹ̀ á kọ́kọ́ fi gbogbo ìbéèrè díwọ̀n ìmọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan, á wá sọ máàkì tó yẹ ká retí lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ìbéèrè kan.

"Ẹni tó mọ púpọ̀, méjì tàbí mẹ́ta ni mo retí. Wò ó! Àwọn tó mọ iṣẹ́ jù ló ń gba kan. Àwọn tí ò mọ nǹkan kan ń gba méjì. Ṣé àtẹ̀gùn ló ń sọ̀ kalẹ̀ ni?"

Mo ṣí ìwé mi, mo ka ọ̀rọ̀ Bọ̀dá Mọ́ńsúrù fún un, àti garawa, àti omi. Ó fa ìdì ìwé èsì jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. "Kó mí." "Make e breathe." "Jẹ́ kó mí díẹ̀." Máàkì kan, kan, kan.

Ó ránṣẹ́ pe ọ̀gá tó bi wọ́n ní ìbéèrè tó sì fún wọn ní máàkì, Ọ̀gbẹ́ni Bádéjọ.

"Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, Mà. Ẹrù ń mí kẹ̀?"

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fún wọn ní kan?"

"Nítorí pé wọ́n lanu, Mà."

Mo fa ìròyìn mi ya. Wọ́n tún ìbéèrè keje máàkì, ẹlòmíì sì ni wọ́n gbé e fún.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo gbà sílẹ̀ lẹ́nu èèyàn ní Àpápá, mi ò tíì gbàgbé èyí tí wọ́n sọ lọ́jọ́ tí Bọ̀dá Mọ́ńsúrù wá gba káàdì lọ́dọ̀ Ìyáàfin Fọlákẹ́. Máàkì méjì ni wọ́n fún un nínú ìbéèrè keje. Ó ti yege, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ò dùn.

"Kí ló dé tí kì í ṣe mẹ́ta, Màdáàmù?"

"Ẹ ò sọ pé kí àwọn èèyàn kúrò lábẹ́ ẹrù, sà."

"Ha! Ta ni ò mọ ìyẹn?"

"Ẹni tó máa kú ni ò mọ̀ ọ́n."

Bọ̀dá Mọ́ńsúrù yí káàdì náà síwájú, ó yí i sẹ́yìn, ó fi í sápò àyà. "Òótọ́ ni. Mi ò sọ ọ́." Lẹ́yìn náà ló kọjú sí mi. "Ọ̀gá prẹ́ẹ̀sì, méjì ni kó o kọ o. Má fi kún un."

Méjì ni mo kọ.