Ọjọ́ Tí Òjò Kì Í Padà Mọ́

Bí ẹ bá ń wá ìjà Hannah Ọ̀ṣúndé ní Ìdànrè, ẹ sáà sọ pé ojú ọjọ́ ti yí padà. Àgbẹ̀ kòkó ni, ọmọ ìjọ Aládùúrà, ó sì ti lé ní àádọ́rin ọdún. Màmá ni gbogbo ayé ń pè é. "Ta ló yí i padà?" ni yóò bi yín. "Ọlọ́run tó ń rọ̀jò ti kú ni?"

Ká sọ tòótọ́, ó nídìí tó fi ń bínú. Láyé bàbá rẹ̀, àwọn ọ̀gá láti ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí kòkó ní kí wọ́n gé igi ńlá tó ṣíji bo kòkó kúrò. Ní báyìí, àwọn ọ̀gá mìíràn ní kí wọ́n tún igi náà gbìn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni àwọn ará Ìdànrè kì í rí iná mànàmáná, síbẹ̀ àwọn ọ̀gá yìí ní èéfín jẹnẹrétọ̀ ló ń ba ayé jẹ́, kí àgbẹ̀ lọ ra sólà.

Lóṣù kẹta ọdún yìí, òjò kékeré kan rọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. Kíá, Màmá pàṣẹ fún Babárìndé, ará Ìwó tó ń dáko fún un lọ́nà Ofosu, kó gbin ọ̀ọ́dúnrún ọmọ kòkó. Gbogbo ọyẹ́ tó kọjá ni Babárìndé fi ru omi sí wọn níbi tí wọ́n ti hù. Òun náà yóò pín nínú kòkó náà bó bá so.

Lọ́jọ́rú, ìpàdé àgbẹ̀ wáyé ní Owena. Olúbísí, ọ̀dọ́bìnrin tí ọ́fíìsì rán wá, bẹ̀ wọ́n pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbìn. Ó di ìparí oṣù kẹrin. Òjò yìí máa padà lẹ́yìn yín."

Màmá bú sẹ́rìn-ín. Ó fa Bíbélì yọ nínú báàgì. Lójú ewé tó gbẹ̀yìn ni bàbá rẹ̀ ti ń kọ ọjọ́ tí òjò dé tí kò padà mọ́ lọ́dọọdún. Nígbà tó kú, Màmá gba iṣẹ́ náà. "Ẹ gbọ́ o! Èyí kì í ṣe ìwé òyìnbó. 1974, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta. 1979, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta."

Àwọn àgbẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ó ń kà á lọ.

"1998, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹta. 2008, ọjọ́ kẹta oṣù... kẹrin. 2017, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin."

Ohùn rẹ̀ ti ń rẹlẹ̀. Nígbà tó dé ti èṣí, kò lè kà á síta: ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin. Ọdọọdún ló ń kọ ọ́ tó ń pa ìwé dé. Kò jókòó kà á látòkè délẹ̀ rí. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì kọ ọ́, kò sí òyìnbó tó bá a dá sí i. Pé jẹnẹrétọ̀ òun ló fà á, ìyẹn kò tíì wọ̀ ọ́ létí rárá. Ṣùgbọ́n òjò ti sún síwájú, òun sì ti ní kí ẹni ẹlẹ́ni gbin kòkó sínú ọ̀dá.

Kò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Ó sáré bọ́ síta, ó pe Babárìndé. Ó ṣi nọ́ńbà tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Babárìndé, dúró o! Má gbìn ín mọ́!"

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já, Babárìndé kò gbọ́ dáadáa. Inú rẹ̀ ń dùn.

"Mo ti gbìn ín tán, Màmá! Èyí tó kẹ́yìn ni mo ń tẹ erùpẹ̀ mọ́ nídìí yìí. Omi odò ti gbẹ o. Ọjọ́ wo lẹ ní òjò máa rọ̀?"