Ajá Tí Kò Ní Eégbọn

Onínúfùfù ni mí láti kékeré, n ò sì ní torí ẹ̀ bẹ ẹnikẹ́ni. Ní ilé wa ní Fìdítì, alágbẹ̀dẹ ni bàbá mi, ọdẹ ni àbúrò rẹ̀. Irin, iná àti ẹ̀jẹ̀ ẹran ni mo bá láyé. Bí ẹnìkan bá bú mi lọ́nà odò, mi ò kí ń jẹ́ kó bú mi tán kí n tó kọlù ú. Màámi, tó ń ta ọsàn létí títì, a máa sọ fún mi pé, "Ìbínú ò mọ̀ pé olówó òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀." Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó rántí ọ̀rọ̀ náà, mo ti lu èèyàn tán.

Nígbà tí mo dé ọdún kẹta ní yunifásítì, níbi tí mo ti ń kọ́ nípa ẹranko, eégbọn ni mo fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí. Ajá bàbá mi bí ọmọ mẹ́rin. Mo po òróró èso dóńgóyárò mọ́ àdín, mo ń fi í pa méjì lára. Méjì yòókù, mi ò fi nǹkan kan pa wọ́n, kí n lè mọ ìyàtọ̀. Gbogbo Sátidé ni mò ń wọ mọ́tò wálé láti wá tú irun ajá, kí n ka eégbọn, kí n sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn obìnrin àdúgbò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ wo ọmọ tó lọ yunifásítì, eégbọn ló wá ń já lára ajá!" Mo bá méjì nínú wọn jà.

Oògùn náà jẹ́. Àwọn ajá tí mo fi òróró pa sanra, ara wọn ń dán. Àwọn yòókù ń họra títí awọ wọn fi bó. Inú olùkọ́ mi dùn. Ó ní ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì máa ń san owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ní iṣẹ́ gidi láti fi hàn ní àpérò wọn, àti pé lókè Ọya ni ti ọdún yẹn máa wà. Wọn ò tíì mú obìnrin kankan rí ní ẹ̀ka wa. Ó ní òun á fi orúkọ mi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá fojú ara òun rí àwọn ajá náà. Háà, mo fẹ́ lọ! Mo fẹ́ lọ débi pé oúnjẹ ò wọlé fún mi mọ́.

Ọjọ́ tí mo wá sọ fún bàbá mi gan-an ni lọ́rí agégẹdú kan, tó ń sáré bọ̀ láti ọ̀nà Ọ̀yọ́, gorí ọ̀kan nínú àwọn ajá olóròóró mi níwájú àgbẹ̀dẹ. Ó tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Mo he òkúta, mo fi fọ́ iná ẹ̀yìn mọ́tò náà. Dírẹ́bà bọ́ sílẹ̀, ó dì mí lọ́rùn aṣọ, ó fọ́ mi létí. Bó ṣe tún gbé ọwọ́ sókè ni bàbá mi yọ sí i pẹ̀lú ọmọ owú tó fi ń lu irin. Dírẹ́bà rí ojú rẹ̀, ó fò padà sínú mọ́tò, ó sá lọ.

Bàbá mi ò wò mí. Ajá ló ń wò, pẹ̀lú ìfun rẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọ̀dà títì. Ó bi mí pé, "Ọ̀nà yìí náà lo máa gbà lọ sókè Ọya?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mọ́tò dé Ìbàdàn, lẹ́yìn náà rélùwéè.

"Irin lórí irin," ló wí, ó sì wọlé.

Ó wá ku ajá kan ṣoṣo nínú àwọn tí mo fi òróró pa. Òun ni gbogbo iṣẹ́ mi rọ̀ mọ́. Olùkọ́ mi ní òun ń bọ̀ ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, èmi náà sì tètè wálé ní ọ̀sán Jímọ́ọ̀ láti wẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ dè é. Bí mo ti bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò ni màámi ń rẹ́rìn-ín sí mi lẹ́yìn igbá ọsàn. "Bàbá ẹ ń ṣe nǹkan fún ọ lẹ́yìn ilé," ló wí. "Àlùbáríkà ni o."

Mo gbọ́ igbe ajá. Mo ju báàgì sílẹ̀, mo sáré.

Bàbá mi di okùn ọrùn rẹ̀ mú. Ọkùnrin kan nínú àwọn ará ilé wa fa ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Ajá náà nà tantan níwájú Ògún, àbúrò bàbá mi sì ti gbé àdá sókè. Ajá rí mi. Ó ju ìrù. Mo kígbe pé, "Ẹ dúró!" Àdá bọ́ sílẹ̀. Orí kù sínú okùn lọ́wọ́ bàbá mi, ara ṣì ń tàpá, ẹ̀jẹ̀ tú sí mi lára láti àyà dé orúnkún, bàbá mi sì ń wí lọ láìgbójú sókè pé, "Ògún, ẹ̀jẹ̀ ajá rèé, gbà á, má mu ti ọmọ mi. Kò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà."

Mo fò mọ́ àbúrò bàbá mi. Mo bù ú jẹ lápá títí ẹnu mi fi kún fún ẹ̀jẹ̀. Ó gbá mi dànù, mo dìde, mo ta akèrègbè ẹmu tó wà níwájú Ògún nípàá, ó fọ́ yángá. Ìgbà náà ni bàbá mi, tí kò lù mí rí láti ọjọ́ tí a ti bí mi, fi ẹ̀yìn ọwọ́ alágbẹ̀dẹ gbá mi lẹ́nu. Eyín mi kan bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi.

"Ẹ ti pa iṣẹ́ mi!" ni mò ń pariwo.

"Iṣẹ́ wo? Ajá ni mo pa."

"Ajá yẹn niṣẹ́ mi!"

Ó wo orí ajá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Mo rò pé oògùn niṣẹ́ ẹ, oògùn sì ti jẹ́. Ajá eléégbọn méjì wà ńbẹ̀ yẹn, mi ò mú wọn. Èyí tó mọ́, tí ìwọ fúnra ẹ fọwọ́ tọ́jú, òun ló yẹ Ògún. Àbí kí n fi ìdọ̀tí tọrọ ẹ̀mí ọmọ mi?"

Mo dá a lóhùn pé, "Kí Ògún yín máa jẹ yín lọ!"

Màámi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé fọwọ́ lérí. "Yéè! Ẹ gbà mí o! Bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́ o!" Ohun tí mo wí yẹn, mo ní in lọ́kàn nígbà tí mo wí i.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, olùkọ́ mi gbé ọkọ̀ ìjàpá rẹ̀ dé. Ètè mi ti wú. Mo ti pinnu láti sọ pé ajá sọnù, ṣùgbọ́n bàbá mi ti jáde ṣáájú mi, ó ṣí fìlà, ó ní, "Ọ̀gá, èmi ni mo pa ajá. Ẹ má fi jẹ ọmọ níyà." Ó ro ẹjọ́ náà látòkèdélẹ̀, kò yọ ọwọ́ tó fi gbá mi lẹ́nu sílẹ̀.

Olùkọ́ mi wo ẹnu mi, ó wo apá àbúrò bàbá mi tí wọ́n fi aṣọ dì. "Iye eégbọn tó o ti kà kí ajá tó kú tó láti fi lọ," ló wí fún mi. "Ṣùgbọ́n wọ́n máa bi ọ́ pé kí ló pa á. Tó o bá parọ́ fún wọn, èmi àti ẹ ti parí. Bó ṣe kú gan-an ni wàá sọ." Mo gbà. Ta ni kò ní gbà?

Ọjọ́ tí mo ń lọ, mi ò kí bàbá mi. Ó dúró létí títì tòun ti awọ tó fi ń ṣiṣẹ́ nídìí, ó ń ṣàdúrà fún mọ́tò. Màámi ń ṣe àmín. Èmi kọjú sí ibòmíràn.

Ní àpérò, gbọ̀ngàn kún fún àwọn oníkóòtù. Mo sọ̀rọ̀ mi, mo fi àwòrán hàn, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin aláwò ojú kan ní ìlà iwájú wá dìde, ó bèèrè pé kí ló dé tí ìwádìí mi já lójijì, níbo ni ajá tó ṣẹ́kù wà. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo ní bàbá mi fi í bọ Ògún kí n lè dé ọ̀dọ̀ wọn láàyè.

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín, mo rò pé ó máa tán síbẹ̀. Ọkùnrin náà nu ojú, ó ní, "Ṣé kì í ṣe pé bàbá yín ti jẹ èsì ìwádìí yín tán?" Wọ́n tún bú sẹ́rìn-ín, àwọn kan ń lu tábìlì.

Mo sọ̀kalẹ̀. Wọ́n rò pé mò ń lọ jókòó ni. Mo lọ bá a, mo fọ́ ọ létí, awò ojú rẹ̀ fò lọ sábẹ́ àga. Mo tún fọ́ ọ létí. Gbogbo gbọ̀ngàn dìde. "Èmi nìkan ni mo lè bú bàbá mi!" ni mò ń pariwo bí wọ́n ti ń wọ́ mi jáde. "Èmi nìkan!" Olórí àpérò ní kí n má tún fojú kan owó ìrìnnà ẹgbẹ́ àwọn mọ́ láyé mi. N ò sì fojú kàn án mọ́ títí dòní.

Bàbá mi wà nídìí ẹwìrì tó fi ń fẹ́ná nígbà tí mo délé. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, bí ẹni ń wá ojú ọgbẹ́. Ó rí ọwọ́ ọ̀tún mi tó wú, ó ní kí ló ṣe é. Mo ní ilẹ̀kùn rélùwéè ló há a.

"Wọ́n bi ọ́ léèrè ajá?"

"Wọ́n bi mí."

"Kí lo wí?"

"Mo ní ẹ̀yin lẹ fi í bọ Ògún nítorí mi."

Ó gbé irin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Kí ni wọ́n wá ṣe?"

Mo ní, "Gbogbo wọn dìde, Bàámi. Wọ́n ní kí n kí yín."

Ó mi orí. Ó ní òun mọ̀ tẹ́lẹ̀, pé ẹni tó bá kàwé tó bẹ́ẹ̀ á mọ ohun tí ọmọ jẹ́.