Tíṣà Olúmúyìwá àti Ìwé Tí Kò Gbọdọ̀ Parọ́

Bí a bá dárúkọ olóògbé Tíṣà Olúmúyìwá ní Adó-Èkìtì, ọ̀rọ̀ àkàrà ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń dá sílẹ̀. Ọdún 1934 ló ṣẹlẹ̀, ní Ọjà Ọba, lójú Àkíbù atẹ̀wé. Ayọ̀kúnlé, akọ̀wé kóòtù, ra àkàrà, ó ti bu ẹyọ kan sẹ́nu, ni Tíṣà bá figbe ta láti òdìkejì ọjà: "Ẹ dúró! Ẹ má tíì gbé e mì!"

Ayọ̀kúnlé rò pé májèlé ni. Ó tu àkàrà dànù. Ìyá alákàrà káwọ́ lérí. Tíṣà sáré dé, ó já bébà tí wọ́n fi pọ́n àkàrà náà gbà, ó yọ pẹ́ńsù, ó fagi lé ọ̀rọ̀ kan, ó kọ òmíràn sórí rẹ̀, ó sì dá bébà padà. "Ó tán. Ẹ máa jẹ ẹ́ lọ. Ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n ni ẹyin awó fi ń pa, kì í ṣe méjìdínlógún."

Ìwé kékeré kan tó ń jẹ́ Àwárí ni wọ́n ya bébà yẹn nínú rẹ̀. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ló ń jáde. Àwọn tíṣà àti akọ̀wé ló ń kọ ohun tí wọ́n bá wádìí sínú rẹ̀, Tíṣà Olúmúyìwá ni olóòtú, Àkíbù sì ń fi ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ tẹ̀ ẹ́ ní àdúgbò Òkè-Ìlá. Ọwọ́ Àkíbù gan-an ló ṣì í tí ọjọ́ mẹ́wàá fi sọ nù lára ẹyin awó. Ó ní kí wọ́n tún un ṣe nínú èyí tí yóò tẹ̀ lé e.

"Kí oṣù mẹ́ta tó pé," ni Tíṣà dáhùn, "awó mélòó ni wọn ó ti lé kúrò lórí ẹyin nítorí tiwa?"

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ká ilé mọ́ gbogbo ẹni tó ní Àwárí lọ́wọ́. Ọgọ́ta ni wọ́n tẹ̀. Ó rí mọ́kàndínlọ́gọ́ta tún ṣe. Ẹyọ kan tó kù ni Ayọ̀kúnlé fẹ́ fi jẹ àkàrà.

Kò fẹ́ ojúsàájú rárá. Bí ẹnikẹ́ni bá kọ nǹkan ránṣẹ́, yóò gé orúkọ onítọ̀hún kúrò lókè bébà, yóò fi àmì kan náà sára méjèèjì, yóò sọ orúkọ náà sínú agolo, kí ẹni tó máa ṣèdájọ́ má baà mọ ẹni tó kọ ọ́. Lọ́jọ́ kan ló ka ọ̀rọ̀ kan nípa ìdí tí àkùkọ fi ń kọ kílẹ̀ tó mọ́. Inú bí i. Ó kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé: "Ẹni yìí kò wádìí ohunkóhun. Ó jọ pé orí ibùsùn ló dùbúlẹ̀ sí tó fi kọ ọ́. Ẹ dá a padà fún un."

Àkíbù wá orúkọ nínú agolo, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́."

Òótọ́ ni. Ó ti tó ọdún méjì tó ti wà lórí pẹpẹ, Àtinúkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló sì bá a dà á kọ, ìdí nìyẹn tí kò fi mọ̀ ọ́n mọ́. Tíṣà wo bébà náà títí. Ó wá bi ìyàwó rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Ṣé lóòótọ́ ni mo dùbúlẹ̀ kọ ọ́?"

"Orí ibùsùn náà ni," ni Àtinúkẹ́ wí. "Mo wà níbẹ̀."

Tíṣà kọ lẹ́tà sí ara rẹ̀ pé a kò lè gba iṣẹ́ yín. Fún odidi ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi bá olóòtú yẹn sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tó le jù ni ti Ọ̀gá Ọláyíwọlá, alábòójútó ilé ẹ̀kọ́, ẹni tó ń fi bébà ta Àwárí lọ́rẹ. Ọ̀gá kọ ọ̀rọ̀ gígùn kan nípa bí a ṣe ń po aró. Tíṣà gé orúkọ kúrò, ó gbé e tọ Kùdírátù aláró lọ, ó sì ń kà á sí i létí bó ṣe ń ro aró nínú ìkòkò. Kùdírátù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Tíṣà, ta ló kọ ọ́?"

"N kò gbọdọ̀ sọ, Ìyá Aláró."

"Èmi á sọ. Ọkùnrin kan tó wọ ṣòkòtò funfun ló jókòó nínú ulé mi fún ọjọ́ mẹ́ta, tó ń bi mí léèrè ọ̀rọ̀, tó ń jẹ iyán mi. Uṣẹ́ mi lẹ̀ ń kà sí mi létí yìí! Kò tilẹ̀ jí i dáadáa. Ó ní kí aró lo ọjọ́ kan nínú ìkòkò. Ọjọ́ kan! Omi ẹ̀fọ́ nìyẹn."

Tíṣà lọ bá Ọ̀gá. Ó ní òun yóò tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n bá tún un ṣe, tí wọ́n sì kọ orúkọ Kùdírátù sí i.

"Obìnrin tí kò mọ A yàtọ̀ sí B?"

"Ó mọ aró yàtọ̀ sí omi ẹ̀fọ́, sà."

Ọjọ́ yẹn ni Ọ̀gá dáwọ́ bébà dúró. Àkíbù bẹ Tíṣà títí. "Tíṣà, ẹ jẹ́ ká tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà. Láìsí bébà, Àwárí kú nìyẹn. Bí Ọ̀gá bá sì ní kí wọ́n gbé yín lọ sí ìlú mìíràn ńkọ́?"

Ẹ̀rù ba Tíṣà. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá ó ní, "Àkíbù, bí a bá tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ó kú náà ni. A ò kàn ní sin ín ni."

Fún oṣù márùn-ún ni ẹ̀rọ Àkíbù fi dákẹ́. Kùdírátù gbọ́ ohun tó fà á. Nígbà tó yá ni Folúkẹ́, ìyàwó Ọ̀gá, gbé aṣọ funfun tuntun wá kí wọ́n bá òun rẹ ẹ́. Nígbà tó padà wá gbà á, aṣọ ti di àwọ̀ kan tí kò ní orúkọ, ó kàn jọ ohun tí ewúrẹ́ jẹ tó tún bì.

"Ìyá Aláró! Kí lẹ ṣe sí aṣọ mi?"

"Bí ọkọ yín ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ni mo ṣe ṣe é, ìyàwó wa. Ọjọ́ kan géérégé."

A kò mọ ohun tí Folúkẹ́ sọ fún ọkọ rẹ̀ nílé. Ohun tí Àkíbù fojú ara rẹ̀ rí ni pé kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Ọ̀gá Ọláyíwọlá fúnra rẹ̀ ló ru bébà dé Òkè-Ìlá, òógùn bò ó. Ó ní kí wọ́n kọ orúkọ méjèèjì, kí ti Kùdírátù sì ṣáájú. Kùdírátù ní kí lòun fẹ́ fi orúkọ inú ìwé ṣe, ṣé ó máa bá òun ro aró ni? Síbẹ̀ ó ní kí Àkíbù fi ibi tí orúkọ náà wà han òun. Láti ọjọ́ náà, kò sí oníbàárà tó máa gba aṣọ rẹ̀ láìkọ́kọ́ fi ìka kan orúkọ náà nínú ìwé.

Ibà ló pa Tíṣà nígbà òjò ọdún 1938. Ṣọ́ọ̀ṣì kún fọ́fọ́ lọ́jọ́ ìsìnkú. Àkíbù, nítorí mùsùlùmí ni, dúró níta lẹ́bàá fèrèsé, fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. Àlùfáà bẹ̀rẹ̀ ìwàásù, ó ní, "Ẹni ọgọ́ta ọdún ni olóògbé yìí."

Ẹnì kan wúkọ́. Ẹlòmíràn náà wúkọ́. Bàbá arúgbó kan láti ẹ̀yìn sì béèrè pé, "Ta ló kà á?"

Àtinúkẹ́ dìde nínú aṣọ ọ̀fọ̀ rẹ̀. "Ẹ jọ̀wọ́, Àlùfáà, ẹ bá wa fi 'a gbọ́ pé' ṣáájú rẹ̀. Bí olóògbé ṣe máa ń kọ ohun tí kò bá tíì dájú nìyẹn."

"A gbọ́ pé," ni àlùfáà wí, "ẹni ọgọ́ta ọdún ni." Ẹ̀rín sì gba gbogbo ilé Ọlọ́run, àní Ọ̀gá Ọláyíwọlá níwájú ń nu ojú.

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, àlùfáà ní, "Olóòótọ́ èèyàn ni." Ó dúró, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ń retí. Kò sẹ́ni tó wúkọ́.

"Ìyẹn dájú," ni Àkíbù wí láti ojú fèrèsé.