Tíṣà Ṣubúọlá àti Òjòlá Kíláàsì Kejì

Bí ẹ bá dé Osi lónìí, tí ẹ dárúkọ Tíṣà Ṣubúọlá, olóògbé, ọ̀rọ̀ òjòlá ni yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹni tí ẹ bá bá pàdé. Kódà àwọn tí kò sí nílùú lọ́jọ́ náà ń sọ ọ́ bí ẹni pé àwọn gan-an ni ejò náà fẹ́ gbé mì.

Ní sáà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, àwọn ọmọ kíláàsì kejì tí Tíṣà ń kọ́ ti ń rẹ pépà ìròyìn àtijọ́ sómi, wọ́n ń gún un nínú odó, wọ́n sì ń fi sítáàṣì pò ó. Òun ni wọ́n fi mọ òjòlá kan tó gùn ju bẹ́ǹṣì wọn lọ. Wọ́n fi èédú àti osùn kun àmì sí i lára. Princess, ọmọ tí kì í fẹ́ kí wọ́n ṣe nǹkan kan láìnídìí, ló ní kí wọ́n la ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, torí ejò tó bá panu dé, ebi ni yóò pa á. Ṣùgbọ́n ejò náà kọ̀, kò gbẹ nínú kíláàsì. Tíṣà Ṣubúọlá bá ní kí wọ́n gbé e lọ sí etí títì, níbi tí oòrùn ti ń mú dáadáa.

Ìgbà náà ni Ṣẹ́gun ọlọ́kadà gbé ìyá oníṣu kan bọ̀ láti Òkè-Ọ̀pin. Bó ṣe yí kọ́nà ilé-ìwé, òjòlá ló rí tó la ẹnu dúró dè é. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ wọn kò bára mu. Ṣẹ́gun ní òun rọra pa ẹ̀rọ ni, òun sì fi ìgboyà sọ̀kalẹ̀. Ìyá oníṣu ní òun kàn rí i pé ó ku òun nìkan lórí ọ̀kadà, ọ̀kadà ń lọ, òun ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń wà á.

Ariwo Ṣẹ́gun ló pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde láti ibùdókọ̀ pẹ̀lú igi lọ́wọ́. Wọ́n lu òjòlá náà títí ó fi já sí méjì. Pépà ìròyìn ló ń tú jáde nínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ka èsì bọ́ọ̀lù.

Tíṣà Ṣubúọlá jáde, àwọn ọmọ tẹ̀lé e. Bí wọ́n ti rí ejò wọn nílẹ̀ ni wọ́n bú sẹ́kún. Tíṣà kò pariwo. Obìnrin kúkurú ni, ohùn rẹ̀ kò sì ga, síbẹ̀ àwọn géńdé náà ń fi igi pamọ́ sẹ́yìn.

"Ta ló pa á?"

"Ẹ má bínú, Mọ̀mí," ni Ṣẹ́gun wí. "A rò pé ejò ni."

"Ejò ni."

"Mo ní a rò pé ejò gidi ni."

Tíṣà yíjú sí àwọn ọmọ. "Ẹ gbọ́ nǹkan tí wọ́n wí? Wọ́n ní iṣẹ́ yín dára." Ẹkún dáwọ́ dúró. Ó wá kọjú sí àwọn ọlọ́kadà. "Ó yá, ẹ wọlé, ẹ bá wọn tún un mọ."

Bí wọ́n ṣe jókòó lórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ kéékèèké nìyẹn, tí orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, tí wọ́n ń po pépà. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí Ìlọ́fà lọ́jọ́ náà, inú kíláàsì kejì ló ti wá ń bẹ ọlọ́kadà. Ọpẹ́olúwa, tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń yẹ iṣẹ́ wọn wò. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Ṣẹ́gun, ó mi orí. "Brọ̀dá, ejò kì í ní èjìká."

Ọmọ Ìdọ̀fin ni Tíṣà Ṣubúọlá, ọkọ ló gbé e wá sí Osi. Ọkọ rẹ̀ kú, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Leah, dàgbà, ó sì lọ sílé ọkọ, ṣùgbọ́n Tíṣà kò pa dà sí Ìdọ̀fin. Àwọn ọmọ kíláàsì kìíní àti ìkejì ló kó gbogbo ọkàn rẹ̀ lé. Àwọn olùkọ́ yòókù a máa ya máńgòrò sójú pátákó kí àwọn ọmọ dà á kọ, gbogbo máńgòrò inú kíláàsì á sì jọra bí ìbejì. Tíṣà Ṣubúọlá kì í ya ohunkóhun fún ọmọ. Ó ní, "Bí mo bá yà á fún un, tèmi ló máa gbé lọ sílé." Kì í sì í béèrè pé kí ni ọmọ yà. Ohun tó máa ń wí ni pé, "Sọ ọ́ fún mi." Á wá jókòó tì í, bí ẹni tí kò ní ibòmíràn láti lọ.

Nǹkan èlò ló jẹ́ kí àwọn ará ìlú máa ṣọ́ra fún un. Ìdérí ìgò, ìyẹ́ adìẹ, páálí, kò sí èyí tí kò wúlò fún un. Kì í tọrọ. Ńṣe ló máa ń dúró, tí á máa wo nǹkan náà títí ojú á fi ti ẹni tó ni ín. Asiat aránṣọ sọ pé òun ti máa ń kó àkísà dè é, àmọ́ lọ́jọ́ kan ó tẹjú mọ́ aṣọ oníbàárà òun tí òun kò tíì gé. "Mo kan yára rán an ni," ni Asiat wí.

Nígbà tí Alájì Olóyèdé di ọ̀gá ilé-ìwé, gbogbo èèyàn mọ̀ pé ìjà ti dé. Alájì ti ṣiṣẹ́ pẹ́ ní Ìlọrin. Ọkùnrin tó máa ń lọ aṣọ títí tó fi le bíi páálí ni, ìṣirò ló sì fẹ́ràn. Àwọn òbí sì ti ń ráhùn pé ìwé làwọn rán ọmọ lọ kà, pé osùn ni wọ́n ń gbé bọ̀ lára aṣọ.

Ó pe Tíṣà sí ọ́fíìsì. "Ìyá, mo fẹ́ fi ìṣirò sí àyè iṣẹ́ ọnà."

"Ẹ ò tíì wá wò ó, Alájì."

"Kí ni n óò wò?"

"Èmi ò mọ̀. Ẹ̀yin lẹ máa wò ó."

Alájì ní kò burú, òun yóò wá lẹ́ẹ̀kan péré. Bí òun kò bá rí ẹ̀kọ́ kankan níbẹ̀, iṣẹ́ ọnà ti parí nìyẹn. Ó jọ pé Tíṣà kò jẹun dáadáa lọ́sẹ̀ náà, torí àwọn olùkọ́ rí i tó ń gbé abọ́ oúnjẹ rẹ̀ pa dà sílé.

Lọ́jọ́ tí Alájì wọlé, pépà tó kọ́kọ́ gbé ti Mujeebat ni. Ọmọ náà kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ ní kíláàsì látìgbà tí ìyá rẹ̀ ti lọ ń tajà ní Ìlọrin, tó fi í sílẹ̀ sọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ó ti fi èédú kun pépà náà láti òkè délẹ̀, kò ku ibi funfun kankan.

Alájì gbé e sókè. "Ìyá, kí lèyí?"

"Ẹ bi ẹni tó ṣe é."

Alájì bẹ̀rẹ̀, aṣọ rẹ̀ ń dún. "Mujeebat, kí lo yà?"

Ọmọ náà kọ́kọ́ wo Tíṣà. "Ilé wa ni. Wọ́n ti mú iná lọ."

"Ìwọ dà níbẹ̀?"

Mujeebat fi ìka kan àárín dúdú náà. "Èmi nìyí. Màmá àgbà nìyí, wọ́n ń wá ìṣáná. Màmá mi ò sí níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi rí wọn."

"Èmi ò rí màmá àgbà náà."

"Ẹ ṣì dúró díẹ̀," ni Mujeebat wí. "Ẹ máa tó ríran."

Alájì dúró. Ó wo pépà náà títí agogo fi lù. Ó wá rọra gbé e lé tábìlì, ó sì jáde. Kò sẹ́ni tó tún gbọ́ pé ìṣirò fẹ́ gba àyè iṣẹ́ ọnà mọ́.

Ìyẹn kò ní kí wọ́n má máa jà o. Alájì pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kun ògiri ilé-ìwé. Lọ́jọ́ kejì, ó bá ìlẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ ní àwọ̀ ewé pẹ̀lú pẹ́pẹ́yẹ mẹ́ta. Nígbà tó figbe pe Tíṣà, Tíṣà ní, "Alájì, ṣé ògiri nìyẹn?"

Lọ́dún tó kẹ́yìn láyé rẹ̀, ẹsẹ̀ Tíṣà wú, kò lè dé ilé-ìwé mọ́. Leah pa dà wá tọ́jú rẹ̀. Alájì máa ń gbé ọsàn wá kí i. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Tíṣà na pépà àti pẹ́ńsù sí i.

"Alájì, ẹ ya nǹkan fún mi."

"Èmi ò mọ̀ ọ́n yà."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Alájì gba pẹ́ńsù náà. Ó ní nígbà tí òun wà ní kékeré, òun ya ẹṣin, olùkọ́ òun gbé e sókè, ó bi gbogbo kíláàsì pé irú ewúrẹ́ wo nìyí. Òun kò tún yà mọ́.

"Ẹ ya ẹṣin náà," ni Tíṣà wí.

Ó yà á. Òógùn bò ó. Leah gbé omi wọlé, ó yọjú wò ó. "Alájì, ẹ kú iṣẹ́. Àpótí ìjókòó yín dára." Ìyá rẹ̀ wò ó títí ó fi gbé omi náà pa dà jáde.

"Ẹ sọ ọ́ fún mi," ni Tíṣà wí.

Alájì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ. Ọjọ́ Iléyá ni, ní Ìlọrin, orí èjìká bàbá òun ni òun wà. Àwọn ẹlẹ́ṣin ń kọjá. Ọ̀kan nínú àwọn ẹṣin náà yíjú, ó wo òun nìkan láàárín gbogbo èrò. Bàbá òun ní, "Ó ń kí ọ." Tíṣà ti sùn lọ kó tó dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n Alájì kò dáwọ́ ìtàn rẹ̀ dúró. Ó sọ ọ́ parí, ó sì rọra pa ìlẹ̀kùn dé.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Tíṣà Ṣubúọlá kú. Ìjọba kò tíì rán ẹlòmíràn wá. Nítorí náà, ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, Alájì Olóyèdé fúnra rẹ̀ ló máa ń ká ṣòkòtò sókè, tó ń kó àwọn ọmọ lọ sétí odò láti wa amọ̀, tí wọn á jọ jókòó sábẹ́ igi máa mọ ohun tó bá wù wọ́n. Àwọn tó bá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ní mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀ ti mọ̀: bó ti wù kó fọwọ́ tó, amọ̀ díẹ̀ á ṣì kù lábẹ́ èékánná rẹ̀.