Àdúrà Tí A Gbà Kí Wọ́n Tó Ka Ìbò

Ọdún tó tẹ̀lé èyí tí yìnyín pa iná Dallas ni wọ́n jí ìbò ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá ní Mesquite, l'Amẹ́ríkà níbí. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bi mí nípa ìjà ẹgbẹ́, ìwé mẹ́fà ni mo kà, n ò sì kà á tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jẹ́ olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè nílé, bí mo bá wúkọ́ n'Íbàdàn, ọkọ̀ ojú irin á dúró l'Ọ́ṣogbo. Àwọn ẹlẹ́rìí wà, wọ́n kàn ti kú ni. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ìfura loògùn àgbà: ẹni tó bá ní kí n dijú, ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa ń wò.

Láńre ni oníwèé-ìròyìn àkọ́kọ́ láàárín wa tó kọ ọ́ síta pé ọkùnrin bíi tòun lòun ń fẹ́. Àwọn tí kì í kí i á mú ìwé ìròyìn rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń ra iṣu, wọ́n á gbé gíláàsì mọ́tò sókè, wọ́n á kà á tán. Èmi náà fura sí i. Kì í ṣe torí ẹni tó ń fẹ́ o. Akọ̀ròyìn tí kì í bèèrè owó mọ́tò ló ń bà mí lẹ́rù.

A dìbò tán, Alága ní kí a gbàdúrà kí wọ́n tó kà á. Àdúrà yẹn gùn débi pé adágún tó wà ní Little Elm gbẹ, ó tún kún. Mo la ojú kan. Mo rí i tí akọ̀wé fẹsẹ̀ ti àpótí ìbò wọ abẹ́ aṣọ tábìlì, tó sì gbé òmíràn jáde. Mo wo ọ̀ọ́kán, ojú Láńre náà là gbàgà.

Wọ́n kà á, Alága ló wọlé. Láńre dìde, ó sọ ohun tó rí.

Alága rẹ́rìn-ín. "Ẹni tí kò mọ irú ẹni tó yẹ kó fẹ́, ṣé ẹ̀rí rẹ̀ la ó gbà? Láti ìbẹ̀rẹ̀ àdúrà títí dé àmín, kò dijú rárá. Ta ló tún rí i?"

Gbogbo èèyàn ń wo bàtà. Bí mo bá dákẹ́, òpùrọ́ ni wọn yóò máa pe Láńre títí láé.

"Mo rí i," ni mo wí. "Ojú mi kan là, ìkejì ń gbàdúrà."

"Bàbá, àgbà bíi tiyín?"

"Alága, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé àmín, ta ló ń bá yín ṣọ́ ojú Láńre?"

Ẹ̀rín bẹ́. Obìnrin kan bẹ̀rẹ̀, ó ká aṣọ tábìlì sókè, àpótí ìbò wa sì wà níbẹ̀.

A gba ìbò wa padà. Láti ọjọ́ náà, ojú tí a là sílẹ̀ la fi ń ka ìbò. Ṣùgbọ́n àwọn tó tipa ẹnu Láńre dé ipò ló kọ́kọ́ ní kó má mú ìwé ìròyìn rẹ̀ wá sípàdé mọ́. Ó ń kọ ọ́ lọ títí tó fi kú, kò sì sẹ́ni tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Gbèsè yẹn ṣì wà lọ́rùn wa.

Níbi ìsìnkú rẹ̀, àwọn olóyè ẹgbẹ́ ló jókòó níwájú. Marcus, olólùfẹ́ Láńre tí wọ́n jọ gbé títí ikú fi yà wọ́n, ni wọ́n fi sẹ́yìn nídìí ilẹ̀kùn. Alága tuntun dìde, ó pe Láńre ní ọmọ wa àtàtà, ó ní kí a dijú kí a gbàdúrà.

Nígbà tí a ṣe àmín, Marcus ló wà lórí àga Alága níwájú.

Ẹ má bi mí bó ṣe débẹ̀. Ṣebí gbogbo wa la dijú.