Dííṣì Abẹ́ Tánkì

Ọmọ mi obìnrin bímọ sí ìlú òyìnbó. Ìyàwó mi tó jẹ́ ìyá rẹ̀ ti kú, nítorí náà èmi ni kí n sọ ọmọ náà lórúkọ. Mo ní kí n tẹ orúkọ náà ránṣẹ́ sí i lórí fóònù.

"Rárá o, Daddy. Ẹnu yín ni mo fẹ́ gbọ́ ọ, kí àwọn àlejò náà gbọ́."

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń gba ojú ọ̀run wá ni mò ń lò nílé mi ní Ìkòsí. Fídíò kì í já lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti pe ọmọ mi, kò ní pẹ́ tí ohùn á gé, á padà, á tún gé.

Mo pe ẹni tó bá mi so dííṣì rẹ̀.

"Ẹ pa á, ẹ tàn án, sà."

Mo pa á, mo tàn án. Ó gé. Mo lé àwọn ayálégbé kúrò lórí rẹ̀. Ó gé.

"Ẹ tún un pa, ẹ tún un tàn, sà."

Mo ní bí kò bá wá fúnra rẹ̀, èmi yóò wá bá a ní Kétu.

Ìkómọ ku ọ̀la ló tó dé. Ó wo dííṣì, ó wo tánkì omi tó wà lókè rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá, ta ló gbé e wá síbí? Orí òrùlé ni mo fi í sí."

"Èmi ni. Nítorí olè."

"Ẹ fi í pamọ́ fún olè, ẹ wá fi í pamọ́ fún ọ̀run náà! Ohun tó ń bá a sọ̀rọ̀ lókè ń rìn ni, sà. Tó bá ti dé ẹ̀yìn tánkì, ìpè já nìyẹn. Fídíò a máa kó tiẹ̀ pamọ́ sílẹ̀. Ìpè ò lè ṣe bẹ́ẹ̀."

Ó gbé e padà sórí òrùlé.

Lọ́jọ́ kejì, mo sọ orúkọ náà, mo ṣàdúrà. Mo gbọ́ gbogbo "àmín" wọn. Mo tilẹ̀ gbọ́ bí ọmọ náà ṣe sín.

"Daddy, ó mọ́ gaara! Ẹ máa sọ̀rọ̀ lọ."

N kò ní ọ̀rọ̀ mọ́. Ìyá rẹ̀ ló máa ń sọ̀rọ̀ nílé wa.

"Ó tún ti já," ọkọ rẹ̀ wí.

"Kò já. Bí Daddy ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

Mo húkọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ oríkì tí ìyá rẹ̀ máa ń fi jí i láràárọ̀. Mo ń kì í lọ títí dé ibi tí mo mọ̀ ọ́n dé.